Ọjà tó ń yá títà: ṣé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó wà ni, àbí orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Olùṣe-Ọṣẹ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọṣẹ ìfọṣọ olómi, ọṣẹ ìwẹ̀ àti ọṣẹ ìfọyín ni iléeṣẹ́ kékeré wa ń ṣe. Àwọn alágbàtà ni a ń kó ọjà wa fún, àwọn náà sì ń pín in fún ṣọ́ọ̀bù àti súpámákẹ́ẹ̀tì, oníkálukú ń bu èrè tirẹ̀ lé e kí ọjà náà tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Èrè tó ń kù sí wa lọ́wọ́ lórí ẹyọ kan kéré gan-an. Pé ọjà náà ń yá, pé ẹni tó rà á yóò lò ó tán, yóò sì tún padà wá rà á, ni gbogbo agbára wa. Àwọn kan nínú wa wá ń dábàá pé kí a má ṣe kó ọjà fún alágbàtà mọ́, kí a ṣí ìtajà tiwa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a máa tà fún oníbàárà fúnra wa, kí owó tí àwọn alágbàtà ń jẹ lè máa wọ àpò iléeṣẹ́.

Àbá náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí i. Mo ṣàkíyèsí pé ìwé, fóònù, bàtà àti aṣọ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wẹ́rẹ́, síbẹ̀ tó bá di ti ọṣẹ, bébà ìnura, ìlédìí ọmọ àti ohun mímu inú ìgò, inú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì ti ń rà á kárí ayé. Ṣé àṣà tó ti mọ́ wọn lára lásán ni, tí yóò yí padà bó pẹ́ bó yá, àbí ohun kan wà nínú ọjà yìí fúnra rẹ̀ tí kò jẹ́ kó rọrùn láti fi ránṣẹ́ ní ẹyọ ẹyọ? Bó bá sì jẹ́ pé apá méjèèjì ló yẹ ká wà, báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó yẹ sí ṣọ́ọ̀bù àti èyí tó yẹ sí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣírò rẹ̀ rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn, nítorí pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wa ló so mọ́ ìpinnu yìí.

Oníṣirò-Ọjà fèsì pé:

Ẹ kú ìbéèrè o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń tajà ní wẹ́wẹ́ ṣírò èrè àti àdánù, èrò mi sì ni pé ọ̀rọ̀ náà kọjá àṣà lásán. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ló ń ṣe iṣẹ́ ṣíṣa ọjà àti gbígbé e délé, ta ló sì ń san owó iṣẹ́ náà?

Kó tó di ọdún 1916, ẹni tó bá lọ ra ohun èlò ilé ní Amẹ́ríkà kì í sábà fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjà. Ẹ̀yìn káńtà ni ọjà wà; oníbàárà á sọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù á lọ mú un, á wọ̀n ọ́n, á dì í, nígbà míì wọn á tún bá a gbé e dé ilé. Lọ́dún náà ni Clarence Saunders ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Piggly Wiggly ní ìlú Memphis, tó sì ní kí oníbàárà wọlé, kó gbé apẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ohun tó wù ú lórí pẹpẹ, kó sì gbé e wá síbi tí wọ́n ti ń gba owó. Ní 1937, Sylvan Goldman gbé kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù jáde nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Oklahoma City, ẹni kan ṣoṣo sì lè wá kó ẹrù tó ju ohun tí apá rẹ̀ ká lọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ tí oníbàárà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: òun ló ń rìn dé ìdí pẹpẹ, òun ló ń ṣa ọjà, òun ló ń gbé e délé. Ara ohun tó jẹ́ kí ọjà wọ̀nyí lè wà ní owó pọ́ọ́kú nìyí, tí èrè tíntín lórí ẹyọ kan sì fi lè tó ẹni tó ń tà á.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló dá iṣẹ́ yẹn padà sọ́rùn ẹni tó ń tajà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rìn nínú ilé ìkẹ́rùsí kó mú ọṣẹ náà, kó dì í sínú páálí, kó lẹ àdírẹ́sì mọ́ ọn, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Iṣẹ́ yìí kì í dín kù nítorí pé ọjà náà kò wọ́n. Bí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́, èrè orí rẹ̀ lè gbé owó agbẹ́rù kó sì tún ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá fi ẹyọ ọṣẹ kan ránṣẹ́, owó agbẹ́rù nìkan lè ju iye tí ẹ ta ọṣẹ náà lọ, kì í ṣe èrè orí rẹ̀ nìkan.

Ẹ wo Webvan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọjà délé fún àwọn oníbàárà ní agbègbè San Francisco ní 1999. Owó rẹpẹtẹ ni àwọn olùdókòwò kó lé e lórí, wọ́n sì bá iléeṣẹ́ Bechtel ṣe àdéhùn bílíọ̀nù kan dọ́là láti kọ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá. Nígbà tó fi di oṣù Keje 2001, ó ti wó. Oníbàárà wà, ọjà náà sì ń dé ọwọ́ wọn. Ohun tí kò tó ni iye àṣẹ ọjà, ìyẹn ọjà tí àwọn oníbàárà ní kí wọ́n gbé wá, tí yóò jẹ́ kí àwọn ilé ìkẹ́rùsí olówó ńlá wọ̀nyẹn àti ọkọ̀ wọn ṣiṣẹ́ ní kíkún, àti èrè orí ọjà tí yóò gbé ìnáwó náà. Tesco ní Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí kan náà ní àwọn ọdún 1990, gba ọ̀nà tó rọra: àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣa ọjà láti orí pẹpẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkejì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Ohun tó lè gbé owó agbẹ́rù ni apẹ̀rẹ̀ tó kún. Bí ọjà ogún bá wà nínú ẹrù kan ṣoṣo tó lọ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, owó ìrìn àjò náà ti pín sí ọ̀nà ogún, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ìtajà fi ń sọ pé iye báyìí ni oníbàárà gbọ́dọ̀ rà kí àwọn tó gbé e dé ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ó wá kàn yín gan-an nìyí: iléeṣẹ́ tó ń ta irú ọjà mẹ́ta péré kò lè dá kún apẹ̀rẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù àti alágbàtà ló ń gbé ọṣẹ yín sí ẹ̀gbẹ́ ọjà ẹlòmíràn kí oníbàárà lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí ẹ rò pé wọ́n ń jẹ lásán, owó iṣẹ́ ni, bí ẹ bá sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin lẹ óò máa san án.

Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe fún olùṣe ọjà láti tà tààrà. Dollar Shave Club bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ ìfárùngbọ̀n ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní 2011, ó sì ṣàṣeyọrí débi pé iléeṣẹ́ ńlá Unilever rà á ní 2016, ní iye tí ìròyìn sọ pé ó tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ wo irú ọjà tó jẹ́: ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré, kì í jò, àwọn tó ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà sì ń gbówó lé e gan-an. Síbẹ̀, ní 2020, òun náà ti wọ orí pẹpẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá Walmart, ní 2023 ni Unilever sì ta èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú àǹfààní mẹ́rin wọ̀nyẹn tí ọṣẹ ìfọṣọ olómi ní.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò, ìyẹn ni kí oníbàárà fọwọ́ sí i pé kí ẹ máa fi ọjà ránṣẹ́ sí òun ní gbogbo oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé ó tún béèrè. Ọjà tí ìdílé ń lò tán ní ìwọ̀n kan náà ló bá ọ̀nà yìí mu jù, ó sì ń jẹ́ kí ẹ mọ iye tí ẹ máa ṣe kí oṣù tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iye owó hàn kedere ní gbogbo ìgbà. Ní 2015, Amazon gbé bọ́tìnnì kékeré kan jáde tí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó jẹ́ pé bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ọṣẹ ti ń bọ̀. Ní oṣù Kìíní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, dájọ́ pé ó tako òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, nítorí pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò rí iye tí ọjà náà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Amazon fòpin sí títa bọ́tìnnì náà lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni tó ń ra ọṣẹ kì í gbàgbé iye tó rà á nígbà tó kọjá, bí ó bá sì ṣàkíyèsí pé owó ti gorí owó láìsọ fún òun, ó ti lọ nìyẹn.

Ìkẹ́rùsí fèsì pé:

Mo gbà pẹ̀lú Oníṣirò-Ọjà, àmọ́ ohun kan wà tí ẹni tó bá jókòó ti ìwé ìṣirò lè má rí, tí àwa tí a wà nídìí páálí ń rí lójoojúmọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ olómi, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi í ránṣẹ́ ń sanwó láti gbé omi kiri, sí ilé tí omi ti wà.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù gan-an ti mọ èyí. Ní 2007, Walmart kéde pé ọṣẹ ìfọṣọ olómi tí wọ́n ti dín omi inú rẹ̀ kù nìkan lòun yóò máa tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù òun ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì fi di 2008, ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ìgò kéré sí i, púpọ̀ sí i gba orí pẹpẹ, ọkọ̀ kan náà sì ń kó ìfọṣọ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí kì í san owó agbẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ka omi sí ìnáwó tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo bí yóò ṣe rí fún ẹ̀yin.

Ọ̀rọ̀ jíjò ló tẹ̀lé e. Nígbà tí ìgò ọṣẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti irú rẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú páálí kan, wọ́n dúró ṣánṣán, ẹ̀rọ ló ń gbé gbogbo òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó kọ́kọ́ yọ ọ́ ní ẹyọ sì ni ẹni tó ń tò ó sórí pẹpẹ. Ìgò kan náà tó bá gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ ló máa ń fi dùbúlẹ̀, orí ló máa ń fi dúró, wọn yóò jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọn yóò sì to ẹrù wúwo lé e. Ìdérí tó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìlábùkù nínú ṣọ́ọ̀bù yóò bẹ̀rẹ̀ sí tú. Ìgò kan tó jò kì í sì í ba ara rẹ̀ nìkan jẹ́: ó ń ba gbogbo ohun tó wà nínú páálí náà jẹ́, oníbàárà yóò gba owó rẹ̀ padà, ìwé tí yóò sì kọ sábẹ́ ọjà yín, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò máa kà á.

Nítorí ìdí yìí ni Procter & Gamble fi kéde ní 2018 pé wọ́n ti ṣe irú ọṣẹ ìfọṣọ Tide kan fún íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé inú àpò ọ̀rá ni ọṣẹ náà wà, tí àpò náà sì wà nínú páálí tó ní ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan lára. Wọ́n sọ pé ike tó lọ sí i fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìgò wọn, omi sì fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Páálí tó gbé e wá látọ̀dọ̀ wọn ni agbẹ́rù gbé lọ, kò sí pé ẹnikẹ́ni tún ń dì í sínú òmíràn. Àwọ̀ tó ń pe ojú lórí pẹpẹ kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń gbà á ti rà á tán.

Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ ìwẹ̀ gbígbẹ ṣíwájú. Kò ní omi nínú tó bẹ́ẹ̀, kò lè jò, ẹ sì lè di mẹ́fà tàbí méjìlá pọ̀ nínú páálí kékeré kan. Kìkì pé kí ẹ dì í dáadáa, nítorí òórùn ọṣẹ máa ń wọ ara ọjà mìíràn tó bá bá a pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ti ọṣẹ ìfọyín, ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà lè yí i wò kó sì dá a padà sórí pẹpẹ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ bá a yàn án, ẹ̀yin náà sì ni yóò bínú sí.

Alábòójútó-Pẹpẹ fèsì pé:

Èmi ń bójú tó pẹpẹ fún àwọn tó ń ṣe ọjà, láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn ni mo ń lọ. Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé ohun gbogbo ń lọ geere níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Gruen, Corsten àti Bharadwaj gbé jáde ní 2002, lẹ́yìn tí wọ́n kó àbájáde láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ, fi hàn pé ní ìpíndọ́gba, ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tó yẹ kó wà lórí pẹpẹ ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà dé. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwádìí náà ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọjà tí kò sí lórí pẹpẹ yìí jẹ́ ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, ní yàrá ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni kò kó jáde. Ẹ ti ṣe ọjà, ẹ ti fi ránṣẹ́, ó ti dé, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló kù, oníbàárà sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Kí ni oníbàárà ń ṣe nígbà náà? Ìwádìí kan náà sọ pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn láti rà á, ìdá 26 sì ń mú ọjà iléeṣẹ́ mìíràn. Ìdá 26 yẹn ni kí ẹ̀yin bẹ̀rù. Ẹni tí ọṣẹ ti tán nílé kò ní dúró dè yín, bí ọṣẹ ẹlòmíràn bá sì fọ aṣọ rẹ̀ mọ́, ó lè má padà wá. Nítorí náà, kí ẹ tó ná owó sórí ìkànnì tuntun, ẹ kọ́kọ́ mọ iye ìgbà tí pẹpẹ yín ń ṣófo nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti wà. Mo gbà gbọ́ pé èrè tó sún mọ́ yín jù wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni ìròyìn títà. Alágbàtà ló ń sọ fún yín iye tí òun fẹ́, iye tí oníbàárà rà gan-an kò sì hàn sí yín. Àwọn ará Procter & Gamble ṣàkíyèsí irú èyí lórí ìlédìí ọmọ Pampers: iye tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń lò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ iye tí ṣọ́ọ̀bù ń béèrè ń lọ sókè sódò, ti alágbàtà ń fì ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, èyí tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pèsè ohun èlò fún un tún ń fì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Olúkúlùkù ń fi díẹ̀ kún un nítorí ìbẹ̀rù kí ọjà má tán, tàbí ó ń kó púpọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ náà àti Walmart bẹ̀rẹ̀ sí jọ wo ìròyìn ohun tó ń tà, wọ́n sì ń fi ìyẹn pinnu iye tí wọn yóò kó wá.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Oníṣirò-Ọjà nìyí. Ó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì bí ibi títa nìkan, ó sì fi owó agbẹ́rù dá a lẹ́jọ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ ta ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó mọ ẹni tó rà, ìgbà tó tún padà rà, òórùn ọṣẹ tó wù ú àti èyí tó pa tì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kékeré. Mo rò pé ìmọ̀ yẹn tó ohun tí èèyàn lè pàdánù èrè díẹ̀ lé lórí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé ìmọ̀ ni ẹ ń rà.

Ẹ má sì ṣe rò pé owó ojú pẹpẹ ti tán nígbà tí ẹ bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Súpámákẹ́ẹ̀tì mìíràn ń gba owó lọ́wọ́ olùṣe ọjà kó tó fún un láyè ní ibi tí ojú oníbàárà ń bá pàdé. Pẹpẹ ti íntánẹ́ẹ̀tì tún há ju ìyẹn lọ, nítorí pé ojú fóònù kan kì í gba ju ọjà mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í wá a lọ sí ojú ìwé kejì. Àwọn ìkànnì ńlá ń ta àyè iwájú yẹn fún ẹni tó bá lówó. Ní 2023, owó ìpolówó tí Amazon gbà tó bílíọ̀nù 46.9 dọ́là. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tó ń ta ọjà lórí ìkànnì náà wá, tí wọ́n sanwó kí ọjà tiwọn lè ṣíwájú.

Olùṣe-Ọṣẹ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó ọjà wa pé kó lọ yẹ pẹpẹ wo láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kó sì béèrè ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn kan ń sọ fún wa nípa àwọn tó ń gbé ọjà dé ilé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan láti ilé ìkẹ́rùsí kékeré tó wà láàárín ìlú, wọ́n ní àwọn yẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ owó agbẹ́rù. Ṣé lóòótọ́ ni? Èkejì, bí a bá di ọṣẹ ìwẹ̀ mẹ́fà pọ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé nọ́mbà bákóòdù tó wà lára ẹyọ kan náà ni a óò máa lò?

Oníṣirò-Ọjà fèsì pé:

Ti àkọ́kọ́, wọn kò tíì yanjú rẹ̀. Iṣẹ́ náà dín ọ̀nà kù, àmọ́ kò dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì tún sọ apẹ̀rẹ̀ di kékeré, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé ọjà yóò dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í rí ìdí tó fi yẹ kí òun ra púpọ̀ pọ̀. Getir bẹ̀rẹ̀ ní Istanbul ní 2015, Gorillas bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ní 2020, Getir sì ra Gorillas ní ìparí 2022. Ní 2024, Getir kéde pé òun ń kúrò ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Netherlands, kí òun lè gbájú mọ́ Tọ́kì tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí irú wọn bá fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ yín, ẹ tà á fún wọn, kí wọ́n sanwó ní àsìkò. Ẹ má ṣe gbé ìrètí iléeṣẹ́ yín lé wọn.

Ohun tí èmi fọkàn tán jù ni kí ṣọ́ọ̀bù máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Hema, tí Alibaba, iléeṣẹ́ ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ Ṣáínà, ṣí ní Shanghai ní 2016, jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn lè wọ̀ lọ rajà, òun náà sì ni ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn tó ń gbé láàárín kìlómítà mẹ́ta sí i, tí wọ́n ń gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Amazon gan-an, tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti là, san bílíọ̀nù 13.7 dọ́là ní 2017 láti ra Whole Foods, tó ní ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 460. Fún ẹ̀yin, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọṣẹ yín tó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù lè di ọjà íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ di páálí kan, bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ń gba àṣẹ ọjà lórí ìkànnì tirẹ̀. Ẹ fún wọn ní àwòrán tó mọ́, ìwọ̀n tó pé, àti orúkọ ọjà tó bá ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá a mu.

Mo sì fara mọ́ ohun tí Alábòójútó-Pẹpẹ sọ nípa ìmọ̀. Ẹ ṣí ìkànnì kékeré, ẹ ta páálí ọṣẹ ìwẹ̀ níbẹ̀, kí ọṣẹ olómi dúró sí ṣọ́ọ̀bù títí ẹ óò fi rí ọ̀nà dín omi rẹ̀ kù. Ẹ má ṣe tà á ní owó tó kéré sí ti ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé àwọn alágbàtà yín yóò rí i lọ́jọ́ kan náà, wọn yóò sì gbé ọjà yín lọ sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ.

Ìkẹ́rùsí fèsì pé:

Ti bákóòdù, rárá o, ẹ má ṣe lo ti ẹyọ. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1974, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ka bákóòdù lára ṣingọ́ọ̀mù Wrigley nínú súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nọ́mbà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Bí ẹyọ kan àti páálí onímẹ́fà bá jọ ń jẹ́ nọ́mbà kan náà, ẹ̀rọ kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn: ilé ìkẹ́rùsí lè fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó mẹ́fà, tàbí kó fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó ẹyọ kan, àkọsílẹ̀ ohun tó kù nílẹ̀ yóò sì dàrú.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀ka GS1, àjọ tó ń fúnni ní nọ́mbà bákóòdù, tó wà ní orílẹ̀-èdè yín ni kí ẹ ti gba nọ́mbà ọ̀tọ̀ fún páálí onímẹ́fà, òmíràn fún onímẹ́jìlá, òmíràn fún páálí ńlá tí ẹ ń kó fún alágbàtà. Tí ẹ bá wá di mẹ́fà pọ̀, ẹ rí i dájú pé ohun tí ẹ fi dì í bo bákóòdù ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa ka ti inú dípò ti ìta. Ẹ tún kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé a kò gbọ́dọ̀ tú u tà ní ẹyọ, torí àwọn tó ń to ọjà kì í sábà ka ohun tí wọ́n bá kọ wínníwínní.